Ohun Tí Ẹnu Mi Kọ́ ní Serralunga

Ní òde àríyá tiwa, oríṣi wáìnì pupa méjì péré ló wà: èyí tó dùn, àti èyí tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá da èyí tí kò ní ṣúgà sínú ife ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ á fà ro, á ní, "Ẹ tọ́ ọ wò, ọtí yìí ti kan," á sì rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì títí agbọ́tí á fi kó o lọ. Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Torino ni mo ń gbé, ní àríwá Ítálì, níbi tí wáìnì gidi wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo, síbẹ̀ èyí tó dùn tó sì ń hó ni mo máa ń gbé wálé. Kóró èso àjàrà kan tí mo fi eyín fọ́ lóko olóko ló yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ìyàwó mi àti ọmọ bàbá tó ni oko náà jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan. Ọmọ yìí ló ní kí a wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì nílé àwọn, ní abúlé Serralunga d'Alba, ní agbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Langhe. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni, ìkórè sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà èmi àti àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi tó wá kí wa láti London, la jọ lọ.

Láti Torino dé Alba kò ju bíi wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú ló kọ́kọ́ wà, oko àgbàdo lọ́tùn-ún lósì. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ga, tó ń lọ sókè tó ń lọ sódò, tí àjàrà sì tò ní ìlà-ìlà lára òkè gbogbo. Bí a ṣe ń wọ Alba ni òórùn kan wọ inú ọkọ̀. Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ òórùn Nutella?" Kò ṣì í gbọ́. Alba ni ilé iṣẹ́ Ferrero ti bẹ̀rẹ̀ ní 1946. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, kòkó wọ́n gógó ní Ítálì. Pietro Ferrero, tó ń ṣe àkàrà aládùn níbẹ̀, bá fi hazelnut, èso eléèpo líle kan tó kún orí òkè wọn, lu ìwọ̀nba kòkó tó rí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí Nutella ní 1964. Ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mí, mo mọ ohun tí kòkó jẹ́. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé àìrí kòkó ló sọ ìlú yìí di olówó.

Serralunga wà lórí ìrọ̀ òkè tóóró kan, ilé ìṣọ́ ayé àtijọ́ kan sì dúró gbọn-in láàárín rẹ̀ láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Ó wà lára abúlé 11 tí òfin gbà kí wọ́n fi èso wọn ṣe Barolo, wáìnì pupa olókìkí ibẹ̀. Ní 2014, UNESCO kọ orúkọ àwọn òkè àjàrà yìí mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé, láti ìgbà náà sì ni àlejò ti ń ya wọ ibẹ̀. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo tẹríba díẹ̀ bí mo ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní ṣé ó rí i báyìí bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Mo ti rò pé ibi ọtí la máa kọ́kọ́ lọ. Oko la lọ. Ẹni tó ṣíwájú wa ni ọmọ Burkina Faso kan tó ti bá bàbá ṣiṣẹ́ pẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀ funfun tó ní ẹfun nínú, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Oríṣi èso àjàrà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Dolcetto ti wọlé, Barbera ti ń wọlé, Nebbiolo ṣì wà lórí igi. Nebbiolo yìí ni wọ́n fi ń ṣe Barolo, òun nìkan ṣoṣo, òfin kò gbà kí wọ́n fi èso mìíràn lù ú. Ó ṣòro tọ́jú: ó ń rúwé ṣáájú àwọn yòókù, tí òtútù ìparí ọyẹ́ fi lè bà á, ó tún ń gbó gbẹ̀yìn wọn, nínú oṣù Kẹwàá lọ́pọ̀ ìgbà, tí òjò fi lè bá a lórí igi. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un ní ibi tó dáa jù lóko, ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń rí i dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá, hazelnut ló ni ín. Òfin tún ní èso tí wọ́n bá kó lórí hẹ́kítà kan kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 8 lọ. Ìyẹn ni pé bí igi bá so jù, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò gé lára ọmọ rẹ̀ dànù sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo rí èyí tí wọ́n gé náà tó ti gbẹ lábẹ́ igi. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ọmọ Burkina yìí já èso mélòó kan, ó pín in fún wa. Èso Nebbiolo kéré, awọ rẹ̀ ní ẹfun-ẹfun kan lára tí ọwọ́ ń nù kúrò. Mo sọ ọ́ sẹ́nu, ó dùn, mo sì fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó ní rárá o, kí n tu kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Mo tu méjì. Ọ̀kan ti pọ́n, ó ní àwọ̀ igi gbígbẹ. Èkejì ṣì ní àwọ̀ ewé lẹ́yìn. Ó ní kí n fi eyín fọ́ èyí tó ní àwọ̀ ewé. Háà! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fà mọ́ eyín, ahọ́n mi gbẹ, bí ẹni pé itọ́ kò sí níbẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fọ́ èyí tó pọ́n. Ìyẹn fọ́ pẹ́kẹ́, ó korò díẹ̀, ó fa ẹnu díẹ̀, ṣùgbọ́n ara lè gbà á.

Àbúrò mi tó ń jẹ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dáwọ́ dúró. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, obì nìyí."

Obì ni lóòótọ́. Ohun tó ń fa ẹnu nínú obì ló wà nínú awọ àti kóró àjàrà. Tannin ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú tíì náà, bí a bá fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ nínú omi gbígbóná. Itọ́ ẹnu ló máa ń dì mọ́, tí ẹnu á fi pàdánù yíyọ̀ rẹ̀, tí ahọ́n á sì máa ha. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi bí a ṣe dúró lóko yẹn ni pé àwa tí wọ́n ń fi obì kí káàbọ̀, tí àgbàlagbà wa máa ń rún obì àbàtà tán kí wọ́n tó mu omi tútù lé e, kí omi náà lè dùn, àwa náà ni wọ́n wá ń sọ fún pé wáìnì tó ń fa ẹnu kì í ṣe tiwa. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń tà á fún wa ni. Ṣúgà rọrùn tà, ó sì ń bo àbùkù ọtí tí kò dáa mọ́lẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa ọkùnrin yìí ni pé kò mu ọtí rí. Mùsùlùmí ni. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí bàbá bá ti fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn ṣúgà inú èso, ó máa ń bi í léèrè bí kóró ṣe rí kó tó mú ọjọ́ ìkórè. Ṣúgà lè pé kí tannin má tíì gbó, pàápàá báyìí tí ooru ń mú ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tó bá kórè nígbà tí kóró ṣì ní àwọ̀ ewé, ohun tí mo fọ́ sẹ́nu àkọ́kọ́ yẹn ni yóò rí nínú ìgò, kò sì sí ọdún tí ọtí náà lè lò nínú àgbá tí yóò tún un ṣe.

A wá wọ inú ilé iṣẹ́. Ó tutù, òórùn ìwúkàrà sì gba gbogbo ibẹ̀. Dolcetto ló ń hó nínú táǹkì irin. Omi inú èso àjàrà dúdú kò ní àwọ̀ kankan tó ṣe é tọ́ka sí; awọ ló ń pa á láró. Bí ìwúkàrà ṣe ń jẹ ṣúgà tó ń sọ ọ́ di ọtí, gáàsì á máa ti awọ lọ sókè, á di ìpele tó nípọn lójú ọtí. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ fa ọtí láti ìsàlẹ̀, wọ́n á máa tú u lé awọ lórí, kí àwọ̀ àti tannin lè bọ́ sínú rẹ̀. Fún Dolcetto, ọjọ́ díẹ̀ tó. Fún Barolo, bàbá máa ń fi awọ sínú ọtí fún nǹkan bí oṣù kan, bí bàbá tirẹ̀ ṣe ń ṣe é.

Mo na ọrùn láti yọjú sínú táǹkì. Ọwọ́ líle ló fà mí sẹ́yìn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín rárá. Gáàsì tó ń jáde lójú ọtí yẹn, carbon dioxide ni, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ojú kì í rí i, ó sì máa ń kún táǹkì àti ilé abẹ́ ilẹ̀ lákòókò ìkórè. Òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dákú, á ṣubú. Ẹni tó bá sáré wọlé láti fà á jáde á tún ṣubú lé e. Ó ti ṣẹlẹ̀ káàkiri ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé gbogbo fi ṣí sílẹ̀, tí fáànù sì ń ṣiṣẹ́ láìdúró. Nínú fọ́tò tí àwọn èèyàn máa ń yà lọ́dọ̀ àwọn oníwáìnì, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti sọ èyí.

Àgbá ló wà nísàlẹ̀. Àgbá ńlá, tó ga jù mí lọ, igi óákù tó wá láti Slavonia ní ilẹ̀ Kroatia ni wọ́n fi kàn án. Ọ̀kan tí mo dúró tì gba lítà 5,000. Nínú rẹ̀ ni Barolo ti ń sùn. Òfin ní kò gbọdọ̀ jáde títí oṣù 38 á fi pé, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún tí wọ́n kórè rẹ̀, kí ó sì ti lo oṣù 18 ó kéré tán nínú igi. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ kọ Riserva sí lára, oṣù 62. Àgbá ńlá tó ti gbó kì í fi òórùn igi sínú ọtí mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tín-ín-tín máa gba ara igi wọlé, kí tannin máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbá yìí ti tú ilé ká rí ní Langhe. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ kan lọ sí Faransé, wọ́n rí àgbá kékeré lítà 225 tó tuntun, tó ń tètè mú ọtí rọ̀, tó sì ń fún un ní òórùn fàníílà. Wọ́n padà wálé, wọ́n ní ti bàbá àwọn ti di ti àtijọ́, ó dọ̀tí, kò sì mówó wọlé. Elio Altare, ọmọ abúlé La Morra nítòsí ibẹ̀, gbé ayùn ẹ̀rọ, ó fi rẹ́ àgbá ńlá bàbá rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bàbá náà sì yọ ọ́ kúrò nínú ogún. Mo bi bàbá wa yìí léèrè ẹ̀yìn ta ló wà nígbà náà. Ó ní òun kò rẹ́ àgbá kankan, ṣùgbọ́n òun kọ́ bí a ti ń fọ àgbá lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn, nítorí òótọ́ ni pé ìdọ̀tí ti pọ̀. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Nílé wa, bí àgbà àti ọmọdé bá jà báyẹn, ẹni kan kì í gbà pé ẹnì kejì ní ẹjọ́ tó tọ́ rárá.

Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ ọ́: Nebbiolo pàápàá ti jẹ́ wáìnì dídùn rí. Ó máa ń gbó pẹ́, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa tẹ̀ ẹ́, òtútù oṣù Kọkànlá ti dé. Ìwúkàrà kì í lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù, á dákẹ́ kó tó jẹ ṣúgà tán, wáìnì á wà bẹ́ẹ̀, ó dùn, ó sì ń hó díẹ̀. Thomas Jefferson, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, mu ún ní Torino ní 1787, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dùn, ó ń fa ẹnu, ó sì ń ta ahọ́n, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Sẹ́ńtúúrì kọkàndínlógún ni wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ṣúgà jó tán, kí wọ́n tó wá máa ta Barolo tí a mọ̀ lónìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu dídùn wa ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn náà gba ibẹ̀ kọjá.

Títọ́wò ló kàn. Bàbá to ife kalẹ̀, ó fi ìwé funfun sábẹ́ wọn, ó gbé korobá kan sáàárín tábìlì. Mo mọ iṣẹ́ korobá náà, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi. Kí èèyàn gba ohun mímu lọ́wọ́ ẹni tó tó bàbá rẹ̀, kó sì tu ú dànù lójú rẹ̀, ìyá mi ì bá gbá mi létí. Bàbá mu tirẹ̀, ó yí i káàkiri ẹnu, ó sì tu ú jáde tààrà, ó bọ́ sí àárín korobá láìta sílẹ̀. Ó ní èmi ni mo máa wa ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́nà wọ̀nyẹn, ìwọ̀n tí òfin Ítálì sì gbà fún awakọ̀ ni gíráàmù 0.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Mo tu. Ó ta sí mi ní ṣẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi tí kò wa ọkọ̀ gbé tirẹ̀ mì pátápátá, ó ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

Dolcetto ló ṣáájú, ó dúdú, ó ní àwọ̀ àlùkò létí ife, kò kan, kò sì fa ẹnu jù. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu lójoojúmọ́ nìyẹn, kò sì tó yúrò 10 ìgò kan. Barbera tẹ̀ lé e. Ó tún dúdú sí i, ṣùgbọ́n tannin inú rẹ̀ kéré. Kíkan ló ní, kíkan tó ń mú itọ́ dà lẹ́nu. Nígbà tí bàbá wá da Barolo, èyí tí wọ́n kórè ní 2019, àbúrò mi sọ fún mi lédè wa pé wọ́n ti bomi lu èyí o. Kò ṣeé bá a jà. Ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ojú èèyàn ń rí ìwé funfun abẹ́ rẹ̀ ketekete, etí rẹ̀ sì ń lọ sí àwọ̀ bíríkì.

Mo gbọ́ òórùn rẹ̀: òdòdó róòsì tó ti gbẹ, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀dà, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da ọ̀dà sí títì. Mo gbé e sẹ́nu. Èyí tó fúyẹ́ jù lójú yìí ló ki jù lẹ́nu. Tannin náà dé láti ẹ̀gbẹ́, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kò sì jẹ́ kí n lọ. Àwọ̀ Nebbiolo kò pọ̀ lára awọ rẹ̀, tannin rẹ̀ ló pọ̀. Ẹni tó bá fi ojú mú wáìnì níbí, òfo ló mú. Bí kò bá ṣe ti kóró tí mo fọ́ lóko ni, mi ò bá ti ní ó bàjẹ́. Ní báyìí, mo mọ ohun tí mò ń wá. Mo ń wò ó bóyá ti kóró àwọ̀ ewé ni tàbí ti kóró tó pọ́n. Ti èyí tó pọ́n ni.

Bàbá wá ní kí a má mu ún lásán mọ́. Ọmọ rẹ̀ gbé ẹran màlúù wá, èyí tí wọ́n ti fi wáìnì àti àlùbọ́sà sè láti àná títí ó fi ń já lọ́bẹ. Mo jẹ ẹran, mo mu ún lé e. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yé mi pátápátá: tannin tó fẹ́ dì mọ́ itọ́ mi rí ẹran àti ọ̀rá, ó dì mọ́ ìyẹn, ó sì fi ẹnu mi sílẹ̀. Ọtí kan náà, láàárín ìṣẹ́jú kan, ó rọ̀, róòsì yẹn sì jáde. Lẹ́yìn náà ló mú ìgò 2008 kan wá tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ó rọra dà á, ó fi tóṣì sẹ́yìn ọrùn ìgò kí ó lè mọ ìgbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ń bọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tannin á so mọ́ra wọn, wọ́n á wúwo, wọ́n á rì. Èyí tó kù nínú ọtí kì í fa ẹnu tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí ni n kò tu.

Ẹnu mi ti ń wú fùkẹ̀ nígbà tí bàbá sọ ohun kan tó bù mí lómi. Mo ní mo ti mọ̀ báyìí bí èèyàn ṣe ń fi ẹnu mọ wáìnì tó dáa. Ó ní ẹnu ò mọ gbogbo ẹ̀. Ó nawọ́ sí fèrèsé, sí ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn, ó ní Narzole wà lọ́hùn-ún, kò jìnnà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1986 ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní àríwá Ítálì lẹ́yìn tí wọ́n mu wáìnì olówó pọ́ọ́kú tó wá láti ibẹ̀. Wọ́n ti da methanol sí i kí agbára rẹ̀ lè ròkè láìnáwó. Ó lé ní 20 èèyàn tó kú, ojú àwọn mìíràn sì fọ́. Àwọn ará Barolo kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Orílẹ̀-èdè mìíràn ò fẹ́ fojú kan wáìnì Ítálì mọ́ lọ́dún náà. Ó ní ìgò òun wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi wo ara wa. Òkìtìpupa ni ilé ìyá mi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè tó wà nítòsí ibẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣú, kó sì tó di ọjọ́ kejì wọ́n ti kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń jà. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, methanol inú ògógóro ni. Ahọ́n kò lè yà á sọ́tọ̀ lára ọtí gidi, ara ló ń sọ ọ́ di oró tó ń kọ lu iṣan ojú. Mo sọ ọ́ fún bàbá. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ti ṣe òfin lé e. Mo ní wọ́n fòfin de ògógóro fúngbà díẹ̀. Ó mi orí, ó ní dídènà kọ́ ni, kí wọ́n mọ ẹni tó pọn ọ́n ni. Ó mú ìgò rẹ̀ kan, ó fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ hàn mí. Ìjọba ló ń tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ kò jọ ti ìgò mìíràn, iye tí wọ́n sì fún un kò ju iye ọtí tí ilẹ̀ rẹ̀ lè mú jáde lọ. Barolo tí kò bá ní ìwé DOCG yẹn lọ́rùn, ìyẹn ètò ìjọba tó ń jẹ́rìí sí ibi tí wáìnì ti wá, ẹ má rà á, ì báà ṣe ní Peckham ní London, ì báà ṣe ní Èkó. Láti 1980 ni Barolo ti wà lábẹ́ ètò yìí, òfin tí Ítálì sì ṣe ní 1992 tún mú un le sí i.

Ìgò tí mo rà kò pọ̀. Barolo ibẹ̀ wọ́n ju ohun tí owó oṣù mi lè fi ṣeré lọ, nítorí náà Barbera ló pọ̀ jù nínú páálí. Kò sì ṣe mí ní nǹkan kan, nítorí nínú ilé ìdáná tiwa, Barbera ló wúlò jù. Ata máa ń mú kí agbára ọtí jó lẹ́nu, ó sì ń mú kí tannin le koko. Mo fi Barolo ti ọbẹ̀ ata wò lẹ́ẹ̀kan, ìjà ni. Ṣùgbọ́n Barbera ní kíkan tó bá ti tòmátì mu, kò ní tannin púpọ̀ tí ata máa bá jà; ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bíi ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ gbé e ti jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín. Dolcetto dáa pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n. Barolo, ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n fi àlùbọ́sà bọ̀ pẹ́ láìsí ata púpọ̀ ni kí ẹ fi pàdé rẹ̀, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ ní wákàtí mélòó kan ṣáájú.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kó pè wọ́n lórí fóònù tàbí kó kọ̀wé ránṣẹ́ ṣáájú. Ilé èèyàn ni ọ̀pọ̀ wọn, wọn kì í kàn ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá ṣàdédé dé. Ẹ má fi lọ́fíńdà sára, nítorí ó ń pa òórùn ọtí mọ́ gbogbo ẹni tó wà lórí tábìlì lọ́wọ́. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Ẹ má sì lọ nínú oṣù Kẹwàá àyàfi tí ẹ bá ní ẹni nílé náà; iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn nígbà náà, àwọn tó ń wá ra olú funfun abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní truffle ní Alba sì ti kún gbogbo ilé ìtura. Bàbá ní oṣù Kejì ni kí a padà wá, nígbà tí wọ́n bá ń gé ẹ̀ka àjàrà, tí òun á ráyè jókòó sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ti gba ìsinmi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló máa wa ọkọ̀.